React tí kì í yí iye àdìrẹ padà: ó ti ṣiṣẹ́ o

Ẹ̀yin tèmi, mo ti padà dé. Ẹ rántí pé ojú ìwé ayélujára tí mo ń fi React (àkójọ kóòdù JavaScript tí a fi ń kọ́ irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀) kọ́ fún màmá oníàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, kì í yí iye aṣọ tó kù padà àfi téèyàn bá rífíreṣì.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n yẹ state (ohun tí React ń rántí, tó sì ń fi hàn lójú ìwé) wò nígbà tí mo béèrè ló mọ̀ ọ́n. Push ni mo fi ń fi nǹkan kún array (àkójọ aṣọ), array àtijọ́ yẹn náà ni mo sì tún ń kó fún setState (tó ń fún React ní state tuntun), React wò ó pé nǹkan kan náà ni, kò sì ṣe nǹkan kan. Mo wá ṣe array tuntun, [...aso, tuntun], lójú ẹsẹ̀ ló yí, inú mi dùn gan-an!

setInterval (aago tó ń tún iṣẹ́ kan ṣe) inú useEffect (ibi tí a ń kó iṣẹ́ tí React máa ṣe lẹ́yìn tó bá ti gbé ojú ìwé jáde sí), ní ìṣẹ́jú àáyá 30, òun náà ń gbé ohun tí ọmọọṣẹ́ wọn bá tà wá, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé clearInterval (tó ń dá aago yẹn dúró) nínú return, àìfi í síbẹ̀ ló jẹ́ kí aago tèmi máa di méjì mẹ́ta. Yíyí key (àmì tí React fi ń dá apá ojú ìwé kan mọ̀) padà kí ó lè tún un gbé jáde ò dáa ní tèmi, ó ń pa ohun tí màmá ń tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ́.

Èyí tó kù: tí màmá bá ti WhatsApp padà sí ojú ìwé náà, iye àtijọ́ ni wọ́n ṣì kọ́kọ́ ń rí. visibilitychange (tó ń jẹ́ kí kóòdù mọ̀ tí ojú ìwé bá pamọ́ tàbí tó bá tún hàn) ni mo fẹ́ fi gbìyànjú ẹ̀. Ẹ ṣé gan-an.