Ìdáhùn: Ìrìn ni, kì í ṣe èròjà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o.

Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ síbí nípa abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n ń gún sára láti fi wo àìsàn, tí mo ń pa á mọ́ra. Wọ́n ní àwọn ti rí Yorùbá fún wǔ xíng, ìyẹn igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi tí àwọn Ṣáínà fi ń ṣàlàyé ara, pé "èròjà márùn-ún" ni, àti pé kí ẹnikẹ́ni má tún yọ ara rẹ̀ lẹ́nu torí ó ti wọ inú àkójọ ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ kọ "ìrìn márùn-ún".

Ata, iyọ̀, irú, edé: èròjà nìyẹn. Èròjà á wọ inú ìkòkò, á jókòó síbẹ̀, á di ọbẹ̀. Ibo ni xíng ti jọ ìyẹn? Wǔ ni márùn-ún, a ò jà lórí ìyẹn. Xíng ni kí èèyàn máa rìn, kí ó máa lọ. Xíngrén ni wọ́n ń pe ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú títì. Àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ńkọ́? Bí wọ́n ṣe fín in sára egungun láyé àtijọ́, oríta ni. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí oríta tí yóò pè é ní èròjà?

"Element" ni ẹ túmọ̀, ẹ ò túmọ̀ xíng. Èrò àwọn Gíríìkì ló wà lẹ́yìn "element" yẹn: ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti iná, mẹ́rin péré, tí wọ́n ní òun la fi mọ gbogbo nǹkan. Àwọn Ṣáínà ò ka afẹ́fẹ́ mọ́ tiwọn. Igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi ni wọ́n ní. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òyìnbó gan-an ti fi "element" sílẹ̀, "phase" ni wọ́n ń kọ báyìí. Ẹni tó ni ẹ̀wù ti bọ́ ọ, àwa wá ń du àkísà.

Ẹ wo bó ṣe ń rìn. Igi bí iná, iná bí ilẹ̀ (eérú ni), ilẹ̀ bí irin, irin bí omi, omi bí igi. "Bí" ni mo kọ o. Shēng ni wọ́n ń pè é, shēng náà ni wọ́n sì ń lò fún obìnrin tó bímọ. Ẹ̀gbọ́n kọ "ìṣẹ̀dá". Ta ló ṣẹ̀dá ta ni? Èkejì ni kè, ìyẹn ni pé kí ọ̀kan borí ọ̀kan: igi ń la ilẹ̀, ilẹ̀ ń sé omi, omi ń pa iná, iná ń yọ́ irin, irin ń gé igi.

Orí bíbí yẹn ni apá kan iṣẹ́ abẹ́rẹ́ dúró lé. Nínú Nán Jīng, ìwé ìṣègùn wọn àtijọ́, orí 69, wọ́n ní bó bá jẹ́ pé àìtó ni, kí a gbé ìyá ró. Bó bá jẹ́ àpọ̀jù, kí a dín ti ọmọ kù. Wọ́n pín àwọn ẹ̀yà inú ara sábẹ́ márùn-ún yìí: irin ni fùkù. Bí agbára fùkù bá lọ sílẹ̀, ojú kan tó ń jẹ́ Tàiyuān ni wọ́n máa gún, níbi ìlà ọrùn ọwọ́ lápá àtàǹpàkò, torí ojú ilẹ̀ nìyẹn lójú ọ̀nà fùkù (ọ̀nà tí wọ́n ní agbára rẹ̀ ń gbà ṣàn nínú ara), ilẹ̀ sì ni ìyá irin. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á gun Chǐzé lókè, níbi tí apá ti ń ká, ojú omi, ọmọ irin. Ọ̀nà 12 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní irú ojú bẹ́ẹ̀ márùn-ún, gbogbo rẹ̀ 60. Èyí tó wà lórí ìka, kànga ni wọ́n ń pè é. Èyí tó wà lẹ́bàá ìgbúnwọ́ tàbí orúnkún, wọ́n ní ibẹ̀ ló ti ń wọ inú òkun. Gbogbo rẹ̀ ń ṣàn, gbogbo rẹ̀ ń lọ. Àbí èròjà ló ń bí èròjà?

Arábìnrin wa ní "ìrìn" léwu, torí ẹni tó ń tẹ fóònù kò ní fàmì sí i, "irin marun-un" ni a ó sì rí, bẹ́ẹ̀ irin jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún ọ̀hún. Òótọ́ ni, ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ṣé a ti ju igbá, igba, ìgbà àti igbà nù? Dò dò ni ìrìn, re re ni irin. "Ìrìn irin" wuyì lẹ́nu. Ìyá mi àgbà ò kàwé, àmọ́ bí o bá ṣi ohùn gbé, wọn ò ní dá ọ lóhùn: "Ta lò ń bá wí?" Ká ní wọ́n wà láyé, wọn ì bá ti lé wa kúrò níbí.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní Yorùbá. A dúpẹ́. Èmi ò kọ́ni rí. Ọjà ni mo lọ rà ní Guangzhou, mo lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, mo sì dojú bolẹ̀ fún abẹ́rẹ́ wọn nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. N kò sọ pé ẹ̀dọ̀ jẹ́ igi ní ti gidi, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni tajà. Ọ̀rọ̀ ni mo ń bá jà.

Ẹni tó ní "wúrà" ló yẹ kí jīn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún irin, jẹ́: lóòótọ́, ẹni tó bá sọ jīn lọ́jà wọn lónìí, wúrà ló sábà ń sọ. Ta ló ti fi wúrà gé igi rí? Ẹni tó sì pe abẹ́rẹ́ wọn ní "gbẹ́rẹ́", kò jọ ọ́. Gbẹ́rẹ́, a ń sín in, a ń fi oògùn ra á. Wọn kì í fi nǹkan ra ojú abẹ́rẹ́ yìí, abẹ́rẹ́ náà ò sì ní oògùn nínú.

Ibi tí mo há sí ni àwọ̀, torí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún yìí ní àwọ̀ tirẹ̀. Pupa ni iná, ilẹ̀ wọn náà, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìyeyè, àwọn àgbà tèmi ì bá pè é ní pupa. Kò yé mi bí a ṣe máa yà wọ́n, torí "àwọ̀ ìyeyè" ò tíì dùn létí mi. Dúdú ni omi. Igi ni qīng, tó kó àwọ̀ ewé àti ti aró pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún qīng, tí kì í ṣe "dúdú", kó fi ránṣẹ́.