Iyán àti ínsúlínì ọmọ mi: báwo lẹ ṣe ń ka kábù inú rẹ̀?

Ìyá Ayọ̀, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, èyí tí ara kì í ṣe ínsúlínì, ohun tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, fúnra rẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, ínsúlínì tó rí bí omi wàrà ló ń gbà láàárọ̀ àti lálẹ́, iye kan náà lójoojúmọ́. Lóṣù tó kọjá, dókítà pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wà tí a ń gún lálẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú. Èkejì mọ́ gaara, òun la ń gún ṣáájú oúnjẹ. Wọ́n ní yúnìítì 1 rẹ̀ fún gíráàmù 12 kábù, ìyẹn èròjà inú oúnjẹ tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn yé mi. Ìwé oúnjẹ tí wọ́n fún mi ló dá mi dúró: búrẹ́dì, ànàmọ́ òyìnbó, sìpàgẹ́tì, ápù. Èkìtì la wà o! Iyán kò sí níbẹ̀, ẹ̀bà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iyán lọmọ yìí ń béèrè bó bá ti dé láti ilé ìwé.

Ìyá ọkọ mi ti ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan iyán mọ́. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọ́n ní kí n máa rò fún un, pé òun ni kò ní ṣúgà. Ọmọ náà á jókòó ti abọ́ rẹ̀, á máa wo àwọn àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kó òkèlè iyán bọ ọbẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka ti iyán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní girama ni mo ti ń gún ínsúlínì, mo sì ń jẹyán. Ẹ jẹ́ kọ́mọ yẹn jẹyán, ẹ ṣáà ti wọ̀n ọ́n.

Ẹ ra síkéèlì kékeré tó ń lo bátìrì. Ẹ má fojú díwọ̀n iyán rárá, nítorí ti ilé kan le, ti ilé kejì rọ̀, omi tí kálukú ń bù sódò kò dọ́gba. Gíráàmù 100 iṣu sísè ní kábù bíi 27. Bí iṣu bá ti jinná, kí n tó kó o sódò, màá wọ̀n ọ́n. Ká ní ó jẹ́ 1,000: kábù 270 ló wà nínú rẹ̀. Bí mo bá gún un tán, màá tún gbé gbogbo rẹ̀ sórí síkéèlì. Ká ní ó ti di 1,100: omi ló kún un, kábù kò kún. Bí Ayọ̀ bá fẹ́ jẹ 220 níbẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn, kábù 54. Ẹ fi 12 pín in, yúnìítì mẹ́rin àtààbọ̀ ni. Síríǹjì kan wà tó ní ilà fún ààbọ̀ yúnìítì, ẹ béèrè rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bu iyán náà kù sí bíi 195, kábù rẹ̀ á di 48, yúnìítì 4 géérégé.

Ti ẹ̀bà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gaàrí gbígbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kó tó bọ́ sómi gbígbóná: 50 rẹ̀ ní kábù tó ń lọ bí 40. Ìrẹsì sísè 100, bíi 28.

Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ bá wa kúnlẹ̀ sọ fún ìyá pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kún fún kábù. Pé kò dùn lẹ́nu kò ní kó má di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, bí iṣu gẹ́lẹ́ ni. Wíìtì náà kò yàtọ̀. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ láìkà á, tí wọ́n wá ń ṣe kàyéfì pé ṣúgà àwọn ga, wọ́n pọ̀ jù nílẹ̀ yìí.

Ìyá Ìjerò

Ọmọ mi, omi ewúro ni kí o máa fún un láàárọ̀. Ẹnìkan ládùúgbò wa mu ún, kò lo oògùn ṣúgà mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Mà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ti aládùúgbò yín jẹ́ oríṣi kejì, tí ara ṣì ń ṣe ínsúlínì díẹ̀. Ọmọ tó ní oríṣi kìíní kò gbọdọ̀ fi ínsúlínì sílẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó kọ́kọ́ gún un fún ọmọkùnrin kan ní Toronto lọ́dún 1922, ikú ni àìsàn yìí ń já sí fún àwọn ọmọdé. Kí ewúro wà nínú ọbẹ̀, kò burú, àmọ́ kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì wà lórí èyí tó rí bí omi wàrà, ẹ má fi ìṣirò yìí yí iye abẹ́rẹ́ padà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti po ínsúlínì méjì pọ̀ nínú rẹ̀. Kí kábù oúnjẹ ọmọ máa dọ́gba lójoojúmọ́, kó sì máa jẹun lásìkò kan náà, ìyẹn ló bá a mu.

Ìyá Ayọ̀, ẹ má gún abẹ́rẹ́ nígbà tí iṣu ṣì wà lórí iná. Kí iyán wà nílẹ̀, kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Bí ṣúgà rẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, ẹ po ṣúgà gíráàmù 15 sómi fún un, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi ẹ̀pà tàbí ẹran ṣe é, ọ̀rá inú wọn kì í jẹ́ kó tètè ṣiṣẹ́. Bó bá dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni o. Kí olùkọ́ rẹ̀ náà mọ èyí.

Ìyá Ayọ̀, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun, Olúwa á bá wa wo àwọn ọmọ. Mo ti ra síkéèlì lọ́jà Ọba. Lálẹ́ àná, ìyá ọkọ mi fúnra wọn ló ń ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè fún mi. Ayọ̀ jẹyán! Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 112 ṣáájú oúnjẹ, 148 lẹ́yìn wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ sùn, ó ti di 214. Ẹ̀gúsí elépo la fi jẹ ẹ́. Ṣé kábù ọbẹ̀ ni mi ò kà ni?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Kábù ẹ̀gúsí kéré, mà. Epo àti ẹran ló dá oúnjẹ dúró nínú ikùn. Ìgbà tí ṣúgà wá ń gòkè, abẹ́rẹ́ ti ń tán lára. Ẹ má sáré gún òmíràn lé e lóru láìbi dókítà. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ kò pọ̀ jẹ irú iyán yẹn lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Ẹ kọ irú ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ṣúgà nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ mú un dání bí ẹ bá ń lọ rí wọn. Wọ́n lè ní kí ẹ pín abẹ́rẹ́ ẹ̀gúsí sí méjì.