Camry 1998 tàbí Camry 2007: èwo ni kí n rà?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ̀ méjì ni mo rí n'Íbàdàn, wọ́n ti lo méjèèjì ní Nàìjíríà níbí. Ọ̀kan ni Toyota Camry 1998, tí wọ́n ń pè ní pencil light. Èkejì ni Camry 2007, tí wọ́n ń pè ní Muscle. Owó mi ká Muscle, àmọ́ tí mo bá rà á, kò ní sí kọ́bọ̀ lápò mi fún àtúnṣe.

Ẹ́ńjìnì 2.2 ni ti pencil light. Ẹni tó ń tà á ò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ timing belt rẹ̀ (bẹ́líìtì tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ lásìkò) gbẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti dípẹtà.

Muscle ní tirẹ̀ mọ́ roro, AC rẹ̀ ń tutù dáadáa. Chain ló ní, kì í ṣe bẹ́líìtì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹ́ńjìnì 2.4 yẹn: àwọn ti 2007 sí 2009 lórúkọ burúkú pé wọ́n ń jẹ ọ́ìlì, torí ríǹgì písítínì wọn. Ẹni tó ń tà á ní tòun ò jẹ ọ́ìlì rárá. Kí ló tún fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀?

Mẹkáníìkì mi ní pencil light ni kí n mú. Ṣùgbọ́n kò ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò, ọkọ̀ àtijọ́ ló sì mọ̀ ọ́n tún ṣe jù.

Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ ni màá máa ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì, èwo ló ń mu epo jù? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé Muscle ń jẹ ọ́ìlì kí n tó sanwó?