"Ìwẹ̀ ọ̀fẹ́" kọ́ o: lórí orúkọ àwọn ìlúwẹ̀ẹ́ àti ọ̀rọ̀ "sáré" nínú omi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń ka ìjíròrò wa lórí orúkọ Yorùbá tí a máa fún ọ̀nà ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin láìdá sí i. Gbólóhùn tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná ló là mí lẹ́nu. Wọ́n ní kí a fọwọ́ sí i báyìí fún ìwé àwọn ọmọdé: "Òmùwẹ̀ máa ń sáré jù nínú ìwẹ̀ ọ̀fẹ́, ìwẹ̀ labalábá ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìwẹ̀ ẹ̀yìn, ìwẹ̀ àyà ló sì ń gbẹ̀yìn." Ní Gẹ̀ẹ́sì, freestyle, butterfly, backstroke àti breaststroke ni wọ́n ń pè wọ́n.

Bí wọ́n ṣe tò ó tọ̀nà, ẹni tó bá mọ eré ìdárayá náà kò ní jiyàn. Èdè inú rẹ̀ ni mi ò gbà. Mo kà á sétí ìyá mi, tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bi mí pé: "Ta ló ń gbowó ìwẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Nígbà tí mo dé ibi ìwẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n ní: "Ṣé ọwọ́ onítọ̀hún kò tó ẹ̀yìn ara rẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ìbéèrè wọn méjèèjì ló kó gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò dání.

Ẹ jẹ́ ká ti orí "wẹ̀" bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe: ẹni tó ń fọṣẹ para ń wẹ̀, ẹni tó ń la odò kọjá náà ń wẹ̀. Tí a bá ní "ó mọ odò wẹ̀", odò ti yanjú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwẹ̀ bá dá dúró, ilé ìwẹ̀ ni ọkàn ẹni ń lọ. Tí a bá tún wá fi ẹ̀yà ara tì í lẹ́yìn, ó parí nìyẹn: ìwẹ̀ ẹ̀yìn, ìwẹ̀ àyà, ó ku kànìnkànìn. Lúwẹ̀ẹ́ kò ní wàhálà yìí rárá. Ẹnì kan láàárín wa ní ìlúwẹ̀ẹ́ ti gùn jù lẹ́nu ọmọdé. Ọmọ tó ń pe kọ̀ǹpútà kò ní kọsẹ̀ lórí ìlúwẹ̀ẹ́.

"Sáré" ló kàn. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ń sáré, kò sì ní ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pa ojú dé kí ẹ gbọ́ ọ: "ó ń sáré nínú omi." Kí lẹ rí? Èmi rí ẹni tí omi mù dé orúnkún, tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè-sódò, tó ń ta omi sí gbogbo èèyàn lára. Òmùwẹ̀ kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ń yára ni, kò sáré. Ohun tí a sì fẹ́ fi wé ara wọn ni ìyára rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọ á ka ìyára sí ìyàrá tí à ń sùn, àmì ohùn ni oògùn ẹ̀. Ìdí tí a fi ń kọ àmì nìyẹn.

Mo sì ti rí i tí àwọn kan nínú wa ń kọ "ìyára 46.40". Ẹ jọ̀ọ́, àkókò nìyẹn. Ní Paris, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2024, Pan Zhanle ará Ṣáínà fi ìṣẹ́jú-àáyá 46.40 parí 100 mítà nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n pè ní ìwẹ̀ ọ̀fẹ́. Ìyára rẹ̀ ni iye mítà tó ń lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn bíi 2.16. Tí àkókò bá ń dín kù, ìyára ń pọ̀ sí i ni. Ọmọ tí a bá kọ́ pé 46.40 ni ìyára á rò pé ẹni tó lo 56.88 ló yára jù.

56.88 tí mo dá yìí kì í ṣe àròsọ: òun ni Adam Peaty, ará Ìlú Ọba, lò ní Gwangju lọ́dún 2019, nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n pè ní ìwẹ̀ àyà. Caeleb Dressel ará Amẹ́ríkà lo 49.45 nínú labalábá ní Tokyo lọ́dún 2021. Thomas Ceccon ará Ítálì lo 51.60 nínú ti ẹ̀yìn ní Budapest lọ́dún 2022. 100 mítà ni gbogbo wọn wẹ̀. Tí ẹ bá sọ wọ́n di ìyára, bíi 2.16 (ọ̀fẹ́), 2.02 (labalábá), 1.94 (ẹ̀yìn) àti 1.76 (àyà) lẹ máa rí. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn ṣá o, gbólóhùn wa sì ní "òmùwẹ̀" kan. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àpẹẹrẹ Léon Marchand ará Faransé jù. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Keje yẹn gan-an, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan náà, ó fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 51.21 wẹ 200 mítà labalábá, ó gba wúrà. Kò tíì pẹ́ rárá, ó tún padà sómi, ó fi ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 5.85 wẹ 200 mítà ti àyà, ó tún gba wúrà. Ara kan náà, omi kan náà, alẹ́ kan náà, ìṣẹ́jú-àáyá 14.64 ló wà láàárín wọn. Ẹ má sọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́: kò tíì sí ẹni tó yára tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkankan nínú méjèèjì ní ìdíje Òlíḿpíìkì ṣáájú alẹ́ yẹn. Ọ̀nà ìlúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ ló jẹ ìṣẹ́jú-àáyá yẹn.

Kí ló fi jẹ ẹ́? Ibẹ̀ ni orúkọ ti wọlé. Mo gbà pé orúkọ tó dáa yẹ kó jẹ́ kí ọmọdé fojú inú rí ohun tó ń fa omi sẹ́yìn àti ohun tó ń dá ara dúró.

"Àyà" kò sọ nǹkan kan fún wa. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ni òmùwẹ̀ ti ń da àyà délẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe èyí tí à ń pè bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mo ti jókòó sí etí adágún wo ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ọ, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ó na gbọọrọ, ó ń yọ́ lọ bí ọ̀kọ̀. Ó la apá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, orí yọ, ó mí sínú. Ìgbà tó wá kó gìgísẹ̀ méjèèjì wá sí ìdí, tí itan rẹ̀ dojú kọ omi bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó dúró. Mo ní ó dúró! Ìtàkùn òwú tó já lẹ́yìn aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti ń nà tẹ̀ lé e, padà wá kan án lára. Lẹ́yìn náà ló wá yí àtẹ́lẹsẹ̀ síta, ó ta á gbàà, ó tún yọ́ lọ. Ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú omi? Àkèré ni. Ẹ̀gbọ́n kan ti dábàá ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sún mọ́ ọn, àmọ́ orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọ́ ti ń lo ọ̀pọ̀ ayé rẹ̀. Àkèré ló nilé sómi. Àwọn ará Ṣáínà náà, tí wọn kò bá wa jíròrò rí, ẹran yìí kan náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìlúwẹ̀ẹ́ àkèré, mo fọwọ́ méjèèjì sí i.

Ti labalábá, mo ti jà á tẹ́lẹ̀, mo ti juwọ́ sílẹ̀. Àtakò mi ni pé lọ́dọ̀ wa, labalábá kì í ṣe alágbára. Àwọn àgbà ní ó fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ìlúwẹ̀ẹ́ yìí ló sì ń tán èèyàn lókun jù. Ṣùgbọ́n apá méjì tó jọ ń gbéra lójú omi lẹ́ẹ̀kan náà jọ ìyẹ́ lóòótọ́, Faransé, Sípéènì àti Ṣáínà ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ tún dùn: inú àkèré ló ti jáde. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn òmùwẹ̀ rí i pé òfin kò sọ pé apá kò gbọdọ̀ gba òkè omi padà, wọ́n bá ń ju apá, ẹsẹ̀ sì wà bíi ti àkèré. Ọdún 1952 ni wọ́n tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, labalábá sì di ìdíje tirẹ̀ ní Òlíḿpíìkì Melbourne lọ́dún 1956. Àkèré ló bí labalábá. Ẹ wá àlọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Melbourne yẹn kan náà, Masaru Furukawa ará Japan gba wúrà àkèré nítorí pé abẹ́ omi ló gbà lọ púpọ̀. Wọ́n fòfin de lílọ lábẹ́ omi bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo mẹ́nu kàn án nítorí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ fún lílọ lábẹ́ omi. Ẹ máa wá a mọ́, a ti ní mòòkùn láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Lónìí, tí òmùwẹ̀ bá mòòkùn kọjá 15 mítà nínú ti ẹ̀yìn, labalábá tàbí eléyìí tí mo ń bọ̀ wá kàn, wọ́n á lé e kúrò.

Ti ẹ̀yìn: ẹnì kan kọ "ìlúwẹ̀ẹ́ ìfẹ̀yìntì". Ọ̀gá, àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì á wá forúkọ sílẹ̀! Ìfẹ̀yìnlómi tó.

Ó wá ku "ọ̀fẹ́". Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ló bà á jẹ́. "Òmìnira" tí àwọn kan fi rọ́pò rẹ̀ náà kò tọ̀nà, nítorí pé wọ́n ń fi í pe ọ̀nà ìlúwẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe ọ̀nà ìlúwẹ̀ẹ́ kankan! Àyè ni. Nínú ìdíje yẹn, bó bá ṣe wù ọ́ ni kí o wẹ̀; tí o bá fẹ́ wẹ̀ bí àkèré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó máa lé ọ, o kàn máa kẹ́yìn ni. Inú ìdíje àdàlù, níbi tí wọ́n ti ń wẹ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, nìkan ni wọ́n ti ní ohun yòówù kó jẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù. Nítorí náà, orúkọ méjì la nílò. Ìdíje náà: bó-ṣe-wù-mí. Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń yàn níbẹ̀ nítorí pé ó yára jù: apá-tẹ̀lápá. Ẹ ó ní apá ń tẹ̀ lé apá nínú ìfẹ̀yìnlómi náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti sọ ìyẹn lórúkọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú apá-tẹ̀lápá ni pé ìdí ìyára rẹ̀ wà nínú orúkọ: kí apá kan tó jọ̀wọ́ omi, èkejì ti ń bọ̀ wá gbà á, ara kò ráyè dúró. Ẹni tó dábàá "ìrákòrò" láti inú "crawl" ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ forí jì mí, ẹ ti fi ìrìn ọmọ oṣù mẹ́jọ pe èyí tó yára jù lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lórí "yára jù". Nígbà tí apá méjèèjì bá fa omi pọ̀ nínú labalábá, ara á já lọ ṣàà, ó lè ju ti apá-tẹ̀lápá lọ lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ìgbà tí apá ń gba òkè padà ló ń pàdánù rẹ̀. Ìyára ojú-ẹsẹ̀ nìyẹn, ìyára ìpíndọ́gba ni gbólóhùn wa ń sọ. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ síbẹ̀.

Tèmi rèé, ẹ fi ayùn rẹ́ ẹ: "Tí òmùwẹ̀ kan náà bá gbìyànjú ọ̀nà ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyára ìpíndọ́gba rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù nínú apá-tẹ̀lápá, labalábá ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìfẹ̀yìnlómi, àkèré ló ń gbẹ̀yìn."

Ohun tí mi ò tíì rí orúkọ fún ni bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe ń lù pọ̀ nínú labalábá, tí ìbàdí ń jù ú bí ẹni ń ju pàṣán. "Ìtàpá" ni mo kọ́kọ́ kọ, ṣùgbọ́n "ó tàpá nínú omi" dà bí ẹni tó rú òfin. Ẹ bá mi wá a.