Ẹgbẹ́ Rotary wa fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìfúnpá àti ṣúgà nínú ọjà: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wé Òkè-Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ Rotary ìlú kékeré ni tiwa, 23 péré la jẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án yìí, tó jẹ́ oṣù ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún Rotary, a pín ìwé fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì, a sì pe àlejò wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gẹ́ gbígbìn. Ogún ìṣẹ́jú la fún un, ó lo 55. Ìdajì ìjókòó ti ṣófo kó tó dákẹ́.

Iṣẹ́ méjì ló wà níwájú wa. Àkọ́kọ́ ni Àyájọ́ Rọpárọsẹ̀ Àgbáyé, 24 oṣù Kẹwàá. Ìkejì ni àyẹ̀wò ìfúnpá (BP) àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀fẹ́ fún èèyàn 200 ní Àbámẹ́ta 14 oṣù Kọkànlá, Àyájọ́ Àtọ̀gbẹ Àgbáyé. Inú ọjà la fẹ́ ti ṣe èyí. Ọrọọrún ni ọjà wa, Àbámẹ́ta 26 oṣù yìí ló ná kẹ́yìn. Ẹ̀rọ ìfúnpá méjì àti nọ́ọ̀sì méjì la ní. Èlò mélòó ló yẹ ká rà? Ọwọ́ ta la ó ti gba àṣẹ? Báwo la ṣe ń dá àlejò dúró láì tàbùkù rẹ̀? Ẹnì kan tún dábàá pé ká ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ká pín in. Ṣé ó dáa?

Ọmọ Ìyálọ́jà

Akọ̀wé, ẹ má tíì tẹ ìwé ìkéde o. Ẹ ka ọjà yín ná. Ọrọọrún tí à ń wí, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn ni, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló jẹ́ lórí kàlẹ́ńdà. Bó bá ná ní 26, yóò tún ná ní 30, lẹ́yìn náà 4, 8, 12, 16, 20 àti 24 oṣù Kẹwàá. Ẹ rí i pé 24 yẹn, ọjọ́ rọpárọsẹ̀ yín gan-an, Àbámẹ́ta ni, ọjà sì ni. Láti ibẹ̀, ó di 28, 1 oṣù Kọkànlá, 5, 9, 13, 17, 21. Ọjọ́ 14 kò sí níbẹ̀. Inú ọjà òfìfo lẹ ó gbé kánópì sí, nígbà tí àwọn ará abúlé ti ná ọjà tán lánàá, tí wọ́n ti lọ. Ọjà ọrọọrún tó bá bọ́ sí Àbámẹ́ta kì í tún bọ́ sí Àbámẹ́ta mìíràn àfi lẹ́yìn ọjọ́ 28. Bó bá jẹ́ ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án ni, ìyẹn ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ lórí kàlẹ́ńdà, ó di 56.

Ẹtì 13 tàbí Àbámẹ́ta 21 ló kù fún yín. Ní Ẹtì, àwọn òṣìṣẹ́ inú ẹgbẹ́ á wà níbi iṣẹ́, Jímọ̀ọ̀ á sì tú èrò ká ní ọ̀sán. Ẹ mú 21. Ọjọ́ ìbí Banting, ọ̀kan lára àwọn tó ṣàwárí insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, ní 1921, ni wọ́n torí rẹ̀ mú 14. Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi pẹ́ kò ní kí àtọ̀gbẹ yí padà.

Ní ti àṣẹ: lẹ́tà kan sí ààfin, ọ̀kan sí Ìyálọ́jà, ọ̀kan sí dókítà àgbà ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn MOH. Ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé ti Ìyálọ́jà lọ, ẹ má fi rán ọmọdé. Òun ló máa fi ibi tí ẹ ó tẹ̀dó sí hàn yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, nítorí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ etí gbọ́ ìfúnpá kò ní gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alábọ́ọ́dé

Mo fara mọ́ 21. Ẹ jẹ́ ká wá sórí èlò.

Ẹ̀rọ méjì kò lè tó èèyàn 200. Ẹ ní láti wọn ìfúnpá ẹnì kan lẹ́ẹ̀méjì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé. Ìṣẹ́jú márùn-ún nìyẹn, láìka ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbọ́dọ̀ fi jókòó sinmi lórí àga kó tó kàn án. Lórí ìwé, ẹ̀rọ kan á wo 12 ní wákàtí kan. Lójú iṣẹ́, 9 tàbí 10 ni. Láti aago 8 sí aago 1, ó lè wo 45 sí 50. Ẹ wá ẹ̀rọ mẹ́rin, kí ìkarùn-ún wà nínú báàgì pẹ̀lú bátìrì tuntun.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ kò ju bíi mélòó kan lọ. Aṣọ ẹ̀rọ tó kéré fún apá ńlá máa ń mú kí ìfúnpá ga ju bó ṣe wà lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ọjà ló lápá ńlá, nítorí náà ẹ ra aṣọ ẹ̀rọ títóbi méjì ó kéré tán. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹni tó ń dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn nígbà tí ẹ̀rọ ń fún un lápá: gbogbo wọn ni èsì wọn á ga lórí irọ́. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ gbé apá rẹ̀ lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀.

Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 90, nígbà méjèèjì tí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fún un ní káàdì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sọ fún un pé ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àyẹ̀wò ọjọ́ kan kò tó fi dájọ́. Bí ti òkè bá tó 180, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 120, ẹ jẹ́ kó sinmi, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí àyà bá ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ń rọ, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọkọ̀ ni kó wọ̀ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ láti fi tipátipá fa ìfúnpá wálẹ̀. Ó lè jábọ́ lójijì kí ẹ̀jẹ̀ má tó ọpọlọ mọ́.

Ní ti ṣúgà, omi àti ọṣẹ ló ṣáájú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, ọsàn yẹn ni ẹ̀rọ yóò kà. Bí ẹ bá fi sípíríìtì nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, ẹ má gún àárín rẹ̀. Ẹ nu ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò. Ẹ má fún ìka náà bí ẹni ń fún ẹ̀wà àkàrà, torí omi ara á dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Strip, ìyẹn bébà pẹlẹbẹ tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ sí fún ẹ̀rọ ṣúgà, kò fẹ́ ooru tàbí ọ̀rinrin: ẹ dé ìgò rẹ̀ lọ́gán, ẹ má fi í sínú búùtù mọ́tò. Strip ẹ̀rọ kan kì í ṣiṣẹ́ nínú òmíràn. Abẹ́rẹ́ kan fún ẹnì kan. Ẹ fi ọ̀pá tí wọ́n ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀ sílẹ̀ nílé, kódà bí ẹ bá ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ máa ń kù lára rẹ̀, Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀, sì lè gba ibẹ̀ ràn.

Nínú ọjà, ọ̀pọ̀ ti jẹun. Bó bá tó 200 mg/dL, ẹ fún un ní káàdì kó lọ ṣe àyẹ̀wò àìjẹun. 126 ni ààlà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ HI, ìyẹn ni pé ṣúgà ga kọjá ohun tó lè kà, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ ju 70, tó ń làágùn tó ń gbọ̀n, ẹ po kóró ṣúgà mẹ́rin sínú omi fún un bó bá lè gbé e mì, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Oògùn pínpín? Rárá o. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ojoojúmọ́ ni, ọjọ́ méje tí ẹ bá pín kò mú nǹkan kan kúrò, ẹ kò sì mọ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò fẹ́ irú èyí tí ẹ rà. Ẹ fi owó yẹn gbé àwọn tó gba káàdì lọ sí ilé ìwòsàn.

Akápò Àgbà

Fún èèyàn 200: bí ẹ bá wo ṣúgà gbogbo wọn, páálí strip márùn-ún tó ní 50-50 (50 ni ti àṣìṣe), abẹ́rẹ́ páálí mẹ́ta tó ní 100-100, ìbọ̀wọ́ páálí márùn-ún (100 ló wà nínú páálí, méjì-méjì, èèyàn 50 péré ló tó), àpótí abẹ́rẹ́ méjì, òwú, sípíríìtì, káàdì 250. Bí owó kò bá tó, ẹ wo ṣúgà àwọn tó ti lé ní 40 àti àwọn tí àtọ̀gbẹ wà nínú ẹbí wọn nìkan. Ẹ ka déètì ìparí lára strip kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá pọ́ọ́kú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé oṣù méjì ló kù fún un.

Atọ́kùn Ètò

Ọ̀rọ̀ àlejò yín, inú lẹ́tà ni wọ́n ti ń dá a dúró. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ẹ fi aago sí i: “ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní 10:15, ẹ ó parí ní 10:35, ìbéèrè títí di 10:45.” Ẹ má kọ “ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí ìlera” bí àkòrí. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan: kí ni ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga yóò ṣe láàárín oṣù kan? Ẹni tí wọ́n fún ní àkòrí tó gbòòrò ló máa ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ẹnì kan jókòó níwájú pẹ̀lú páálí “5” àti “1” tó ń sọ ìṣẹ́jú tó kù, kí àlejò sì mọ̀ nípa rẹ̀ láti ilé. Bí àkókò bá pé, alága ló ń dìde, á bẹ̀rẹ̀ ìdúpẹ́, àtẹ́wọ́ á tẹ̀ lé e. Kò sí àbùkù níbẹ̀.

Kò sí projector lábẹ́ kánópì ní ọ̀sán. Oòrùn á pa á. Ẹ sọ fún un pé Yorùbá ni. Kó sì tètè tú ọ̀rọ̀ kan sí wẹ́wẹ́: àwọn èèyàn wa máa ń ní “mo ní BP”. Gbogbo wa la ní in. Ìfúnpá ni BP, èyí tó ga ju bó ṣe yẹ lọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru.

Òṣìṣẹ́ Àjẹsára

Akọ̀wé, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa tọ́ oògùn rọpárọsẹ̀ sí ọmọ lẹ́nu ní 24. Òṣìṣẹ́ àjẹsára ìjọba ìbílẹ̀ ló máa ṣe é, òun ló ni kúlà àti yìnyín. Ẹ lọ rí i nísinsìnyí, ẹ béèrè bóyá ó lè fi ọjà yín sínú ètò rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni akéde, kánópì, omi mímu, àti káàdì àjẹsára: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ ti gba ti ìbí, ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Lára ìgò oògùn, ẹ óò rí àmì róbótó tí onígun mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Bí onígun mẹ́rin náà bá ti dúdú tó róbótó, ìgò yẹn ti bàjẹ́.

Nínú ọ̀rọ̀ àlejò yín, ẹ jẹ́ kó ṣe kedere: ní 25 oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti àdáyébá. Èyí tó ṣì ń jà ní Nàìjíríà ni oríṣi tó ti ara àjẹsára yí padà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò ti gba àjẹsára. Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì ló máa ń sọ pé “ṣebí wọ́n ní ó ti tán?”

Akọ̀wé Òkè-Ògùn

Ẹ ṣeun gan-an o. Ó di 21. Ìyálọ́jà ní àwọn ìyá kan kò ní fi ìsọ̀ sílẹ̀, pé ká máa gbé ẹ̀rọ káàkiri. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ṣeé ṣe?

Nọ́ọ̀sì Alábọ́ọ́dé

Ìfúnpá nìkan, bí àga àti tábìlì bá wà ní ìsọ̀, tó sì ti jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì dá oníbàárà lóhùn. Ìyẹn ni kò ní ṣeé ṣe lẹ́yìn aago 9, nítorí náà kí ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ káàkiri ní aago 7 kí ọjà tó gbóná. Ṣúgà kò gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ kánópì. Ẹ bẹ Ìyálọ́jà kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó, á rọrùn fún àwọn yòókù.

Kí káàdì jẹ́ apá méjì: ẹni náà á mú ọ̀kan lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀yin á tọ́jú ìkejì pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n dé ibẹ̀. Iye tó dé ibẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìròyìn ẹgbẹ́, ẹ má kọ iye tí ẹ wò nìkan. Ẹ má sì ya fọ́tò èsì ẹnikẹ́ni.

Akápò Àgbà

Àti àpótí abẹ́rẹ́: bó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e, ẹ má tì í mọ́lẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gbé e lọ sí ọsibítù fún sísun sínú ìwé ètò láti ìsinsìnyí. Bí kò bá ní orúkọ, inú búùtù mọ́tò alága ló máa sùn sí.