Ahimsa, Dalit, àjẹkù: èsì mi sí àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ dá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ látàárọ̀ lórí bá a ṣe máa túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Íńdíà kan sí Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ká pe ahimsa ní "àìhùwà-ipá", kí Dalit, ìyẹn àwọn tí wọ́n kà sí aláìmọ́ láti ìgbà ìbí wọn ní Íńdíà, di "ìwọ̀fà", kí caste, ìyẹn ìpín tí wọ́n ń bí èèyàn sí níbẹ̀, sì di "ẹ̀yà". Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ná kẹ́ ẹ tó máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi.

Ahimsa lákọ̀ọ́kọ́. "A" tó wà níwájú yẹn nínú Sanskrit, "àì" tiwa náà ni, himsa sì ni kéèyàn ṣe ẹlòmíì léṣe. Àmọ́ tí Yorùbá bá ti gbọ́ "ìwà ipá", ẹ̀ṣẹ́ ló máa rò, kùmọ̀, àwọn ọmọ ìta pẹ̀lú àdá. Ẹ wá wo Ekalavya nínú Mahabharata, ìtàn ńlá àtijọ́ àwọn ará Íńdíà. Ọmọ àwọn Nishada inú igbó ni, ó fẹ́ kọ́ ọfà títa lọ́dọ̀ Drona tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọba, Drona ní òun ò gbà á torí ibi tí wọ́n bí i sí. Ọmọ padà sígbó, ó fi amọ̀ mọ ère Drona, ó ń júbà ère yẹn, ó ń dá kọ́ ara ẹ̀ títí ọwọ́ ẹ̀ fi yá débi tẹ́rù fi ba Arjuna tó jẹ́ ààyò Drona. Lọ́jọ́ tí Drona wá rí i, ó ní ṣebí òun ni tíṣà ẹ̀, ó dáa, kó sanwó ẹ̀kọ́, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lòun fẹ́ gbà. Ekalavya gé e fún un, ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó dáa, ta ló hùwà ipá níbẹ̀? Drona ò fọwọ́ kàn án, ọwọ́ ọmọ fúnra ẹ̀ lọ̀bẹ wà! Ṣùgbọ́n ó ṣe é léṣe, léṣe burúkú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní "àìṣeniléṣe". Ohun tó jẹ́ kí ọmọ náà gé ìka láì jiyàn, ìyẹn la lè pè ní ìjẹgàba, ká má pò wọ́n pọ̀.

Ti caste ò gùn. Ẹ̀yà ni Yorùbá, ẹ̀yà ni Haúsá, àwọn tí à ń sọ yìí lè jọ wà lábúlé kan náà kí wọ́n máa sọ èdè kan náà. Jati làwọn fúnra wọn ń pè é, inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí bíbí ló sì ti jáde. Mo dá "ipò-ìbí", kò dùn lẹ́nu tó, mo mọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà ṣáà ń retí ọjọ́ tí wọ́n á san gbèsè kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀. Kódà ẹrú, n'Ìbàdàn àtijọ́, àwọn kan di ológun ńlá. Taa lẹ fẹ́ san gbèsè ìbí fún? Ambedkar, Dalit ni, ó kàwé ní Columbia l'Amẹ́ríkà, ó kà á ní London, nígbà tó padà dé Baroda ní Íńdíà ní 1917 láti wá ṣiṣẹ́ fún ọba ibẹ̀, kò rílé gbé, ó dọ́gbọ́n jẹ́ orúkọ àwọn Parsi, ẹlẹ́sìn míì níbẹ̀, kó lè ráyè wọ ilé àlejò àwọn Parsi kan, àwọn ọkùnrin fi kóńdó lé e jáde nígbà tí àṣírí tú. Ìwé tó kà ò fọ̀ ọ́ nù.

Gandhi náà dá tiẹ̀, ó gbé Harijan kalẹ̀, èèyàn Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fún lórúkọ yẹn ní àwọn ò fẹ́, kí ló ń ṣàánú àwọn sí? Dalit ni wọ́n mú, ẹni tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, gbòǹgbò kan náà pẹ̀lú dal tí wọ́n ń sè níbẹ̀, ẹ̀wà tí wọ́n là sí méjì bíi tàwa tá a fi ń se gbẹ̀gìrì. Orúkọ tí wọ́n fún ara wọn nìyẹn, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní Dálíìtì ká fi wọ́n sílẹ̀ jàre.

Ẹni tó bèèrè joothan, orúkọ ìwé tí Omprakash Valmiki, Dalit lòun náà, kọ lédè Híńdì ní 1997 nípa ìgbà èwe ẹ̀, ìyẹn ò nílò dídá, àjẹkù ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àjẹkù bàbá dùn lẹ́nu wa, gbogbo wa la ti dúró ti àwo bàbá wa rí, tá à ń wò ó bóyá á ṣẹ́ ẹran kù. Tiwọn, ìyá Valmiki ṣiṣẹ́ níbi ìgbéyàwó ilé ọlọ́lá kan, nígbà táwọn àlejò jẹun tán ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bu oúnjẹ gidi díẹ̀ fáwọn ọmọ òun, baba ìyàwó nàka sí apẹ̀rẹ̀ àjẹkù tó ti kó, ṣé ìyẹn ò tó o ni. Obìnrin náà da apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní kó kó o kó fi bọ́ àwọn àlejò àna ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ó fa àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, kò sì tún dé ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́.

Torí náà àjẹkù ni kẹ́ ẹ kọ, àmọ́ ẹ bá mi fi àlàyé díẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kí ọmọ tiwa má lọ rò pé ọ̀rọ̀ ẹran bàbá ni.