Nọ́ọ̀sìn hóòmù: kí lẹ fi ń mọ̀ pé ìtọ́jú ibẹ̀ dára? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Dàmọ́lá, Maryland

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ká jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí torí ó pọ̀ nínú wa tí òbí wa ti darúgbó sí Amẹ́ríkà níbí, iṣẹ́ kò sì jẹ́ ká jókòó tì wọ́n. Àwọn kan á ní ọmọ Yorùbá kì í gbé òbí rẹ̀ lọ sílé àwọn arúgbó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ò lè mu omi kó má pá a lórí, tí èèyàn méjì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló mọ ohun tó ń bá yí. Èmi ò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ká sọ bí a ṣe ń mọ ibi tó dáa ló jẹ mí lógún.

Bàbá ọkọ mi ni rọpárọsẹ̀ kọ lù. Nígbà tí ọsibítù parí tiwọn, social worker, òṣìṣẹ́ wọn tó ń bá ẹbí ṣètò ìtọ́jú, gbé ìwé kan lé wa lọ́wọ́, orúkọ oríṣiríṣi ilé ló wà níbẹ̀, ó ní ká mú ọ̀kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ọkọ mi fẹ́ èyí tó sún mọ́ ilé jù. Mo ní ká kọ́kọ́ wo Care Compare, ojú ìwé tí Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo nọ́ọ̀sìn hóòmù tó ń gba owó Medicare tàbí Medicaid (ti àwọn tí owó wọn kò pọ̀) ló wà níbẹ̀, láti 2008 ni wọ́n sì ti ń fún wọn ní ìràwọ̀, láti 1 dé 5.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbi ìràwọ̀ gbogbogbòò tó wà lókè pátápátá. Mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀: ohun tí àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba bá níbẹ̀, iye òṣìṣẹ́, àti èyí tí wọ́n ń pè ní quality measures, ìyẹn òṣùwọ̀n bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ilé ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́. Mo rí ilé kan tó gba 5 níbẹ̀, tí àwọn aṣàyẹ̀wò sì fún un ní 2. Ẹni tó ti ìta wá, tó wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, ni èmi gbà gbọ́. Ti òṣìṣẹ́ náà ṣeé gbà gbọ́ díẹ̀, torí láti 2016 ni wọ́n ti ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa fi àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ ti ìròyìn náà lẹ́yìn. Láti 2022, ẹ lè rí iye nọ́ọ̀sì tó ń wà níbẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè, àti bí òṣìṣẹ́ ṣe ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ tó.

Ìwé tó là mí lójú jù ni èyí tí àwọn aṣàyẹ̀wò ń kọ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, tí wọ́n ń pè ní 2567. Gbogbo àléébù ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, bí wọ́n ṣe rí i àti aago tí wọ́n rí i. Òfin ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé àbájáde àyẹ̀wò síbi tí èèyàn á ti kà á láìtọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A dé ilé kan tí òdòdó àti dùùrù ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo béèrè ìwé náà, ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní òun máa bi ọ̀gá. Ọ̀gá ò yọjú títí a fi lọ. Ní ilé kejì, kápẹ́ẹ̀tì ti gbó, ṣùgbọ́n ìwé náà wà nínú fáìlì dúdú tí wọ́n so mọ́ tábìlì, ojú ìwé rẹ̀ ti ká nítorí ọwọ́ àwọn tó ti ṣí i. Mo jókòó, mo kà á tán. Wọ́n ti bá wọn wí nítorí oúnjẹ tó máa ń tutù kó tó dé yàrá. Kò sí ọ̀rọ̀ egbò, kò sí ọ̀rọ̀ pé wọ́n fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ la gbé Bàbá lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń fún Bàbá lómi níbẹ̀. Wọ́n máa ń po nǹkan mọ́ omi náà kó lè ki díẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Ọmọbìnrin tó ń fún wọn kì í dúró lé wọn lórí. Ó máa fa àga, ó máa jókòó kí ojú òun àti tiwọn lè wà lọ́gba, á ní kí wọ́n tẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀, á fún wọn ní ṣíbí kan, á sì máa wo ọ̀nà ọ̀fun wọn títí wọ́n á fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló tó ń bu èkejì. Kò wo fóònù, kò sì bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.


Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Houston

Ìyá Dàmọ́lá, ẹ kú làákàyè. Iṣẹ́ CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ni mò ń ṣe, alẹ́ sì ni mo máa ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fi ti inú ilé kún un.

Ọ̀sán ni wọ́n máa ń mú àlejò káàkiri, nígbà tí ọ̀gá wà nílé tí ilẹ̀ ń dán. Ẹ padà lọ lẹ́yìn agogo méje alẹ́, Sátidé ló dáa jù. Ilé kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwa méjì la máa ń pín gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín ara wa lóru. Tí ẹnì kejì bá fóònù pé òun ò lè wá, ó ku èmi nìkan. Ẹni tó yẹ kí a yí padà ní agogo méjìlá, ó lè di agogo mẹ́ta kí ọwọ́ tó kàn án. Kì í ṣe pé a ò láàánú. Àwọn tó ni ilé ló kọ̀ láti gba èèyàn sí i.

Òfin ní kí wọ́n máa lẹ iye nọ́ọ̀sì àti CNA tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ibi tójú ti lè rí i lójoojúmọ́. Ẹ wá ìwé náà lọ, kí ẹ wo déètì orí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti rí nǹkan mọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹ máa wo iná tó ń tàn lókè ilẹ̀kùn nígbà tí ẹni tó wà ní yàrá bá tẹ aago. Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí ẹnikẹ́ni tó yà síbẹ̀? Àwọn wo ló ń gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tí ò rí i? Níbi tó dáa, kódà ẹni tó ń nulẹ̀ á yọjú wọlé, á ní òun ń pe nọ́ọ̀sì bọ̀.

Awọ ara ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Ẹni tí kò lè yíra padà, ìdí, ìgbáròkó àti gìgísẹ̀ ni egbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé ká máa wo ibi tó bá pọ́n. Ara òyìnbó ló ń pọ́n o. Ara dúdú tiwa kì í sábà pọ́n. Ojú ibẹ̀ lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí kó fara jọ àwọ̀ àlùkò. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó lè gbóná ju ibi tó yí i ká, ó lè le, ó sì lè rọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n kọ́ láti máa wá pípọ́n nìkan á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara dá ṣáṣá, nígbà tó bá fi máa rí nǹkan, awọ ti là.

Bàbá kan tó jẹ́ ọmọ ilé wa wà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kò sí nǹkan kan lára wọn. Mo fọwọ́ kan gìgísẹ̀ wọn ọ̀tún, ó gbóná, ó sì le gan-an, ti òsì kò rí bẹ́ẹ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì, a tan tọ́ọ̀ṣì sí i, òun náà fọwọ́ kàn án. A gbé pílò sábẹ́ ojúgun wọn kí gìgísẹ̀ má kan bẹ́ẹ̀dì mọ́. Egbò yẹn ò là rárá.

Ẹ ká aṣọ ìbora kúrò, òbí yín ni. Tójú bá ń tì wọ́n, kí nọ́ọ̀sì ká a lójú yín.


Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Manchester

Mo kí ẹ̀yin àgbà o. Ní England tiwa níbí, CQC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìtọ́jú, ló ń yẹ ilé ìtọ́jú wò. Outstanding, Good, Requires improvement àti Inadequate ni wọ́n ń fún wọn, láti èyí tó dára jù dé èyí tó burú jù, dandan sì ni kí wọ́n gbé e síbi tí èèyàn á ti rí i. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà. Good tí mo rí lára ògiri ilé kan ti pẹ́ débi pé ọ̀gá tó gbà á ti lọ.

Àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe màmá mi. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílùú yìí ti tán lẹ́nu wọn, Yorùbá nìkan ló kù. Nílé àkọ́kọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ara màmá kì í balẹ̀ lálẹ́, pé wọ́n ń pariwo, wọ́n sì fẹ́ kí dókítà fún wọn ní oògùn tó máa mú wọn rọlẹ̀. Mo sùn tì wọ́n lóru ọjọ́ kan. Ohun tí màmá ń pariwo ni "Mo fẹ́ tọ̀." Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ, wọ́n á tọ̀ sínú páńpásì, ojú á wá tì wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo bú sẹ́kún lóru yẹn.

Nígbà tí mo ń wá ilé mìíràn, ìbéèrè tí mo ń bi gbogbo ọ̀gá ni pé: báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tí màmá mi ń fẹ́? Ẹlòmíì ní kò séwu, àwọn ní òṣìṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ṣé Yorùbá ni wọ́n? Ṣé wọ́n máa wà níbẹ̀ lóru? Kò dáhùn. Ọ̀gá ilé tí màmá wà báyìí gbé bírò, ó ní kí n pe àwọn ọ̀rọ̀ náà fún òun: omi, ìtọ̀, ìnira, òtútù. Ó kọ wọ́n bó ṣe gbọ́ ọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì fi kún care plan, ìwé ètò ìtọ́jú wọn. Obìnrin ará India kan ló ń tọ́jú wọn lálẹ́, ó ti mọ "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣé ẹ fẹ́ tọ̀?" sọ. Wọn ò tún dárúkọ oògùn yẹn mọ́.


Fúnkẹ́, Chicago

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Aago tí màmá àgbà wa fi ń pe nọ́ọ̀sì máa ń jábọ́ sílẹ̀, ọwọ́ wọn kì í tó o, ó sì dà bíi pé ẹnì kan ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sílẹ̀ ni. Àwọn ẹbí ní kí n má sọ̀rọ̀, pé tí mo bá sọ̀rọ̀ wọ́n á fìyà jẹ màmá tàbí kí wọ́n lé wọn jáde. Kí ni kí n ṣe?


Ìyá Dàmọ́lá, Maryland

Fúnkẹ́ mi, má panu mọ́. Ya fọ́tò ibi tí aago wà, kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, kí o sì bèèrè ìpàdé lórí care plan, ẹ̀tọ́ màmá ni. Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, pe ombudsman, ẹni tó ń gbèjà àwọn tó ń gbé nọ́ọ̀sìn hóòmù. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀, nọ́ńbà wọn sì gbọ́dọ̀ wà lára ògiri ilé náà. Wọn ò gbọ́dọ̀ dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ yín. Òfin kò fàyè gba kí ilé ìtọ́jú gbẹ̀san lára ẹni tó fẹjọ́ sùn. Wọn ò sì lè ṣàdédé lé màmá, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin gbà, wọ́n sì máa ń ní láti fún yín ní ìwé ní 30 ọjọ́ ṣáájú. Ẹ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìwé yẹn.

Lọ síbẹ̀ lálẹ́ òní tó bá ṣeé ṣe. Fi píìnì mú okùn aago náà mọ́ aṣọ màmá, níhà ọwọ́ tó lágbára, kí o sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ kí o lè mọ̀ bóyá ó ń dún.